Aṣọ Burúkú Tí Mo Gbé Lọ Bá Ìyá Àgbà: Bí Ẹ Ṣe Lè Fi Ọwọ́ Wádìí Ohun Tí Oníṣẹ́ Ọwọ́ Mọ̀

Sátidé mẹ́fà gbáko ni mo fi jókòó ti Ìyá Àgbà, tó jẹ́ ahunṣọ, nínú ọ̀ọ̀dẹ̀ wọn ní Pòrógun, ní Ìjẹ̀bú-Òde, fóònù mi ń gba ohùn sílẹ̀, bírò wà lọ́wọ́ mi. Mo bi wọ́n pé, "Ìyá, báwo lẹ ṣe ń mọ ibi tí ṣàkì, òwú tó yọ sókè yìí, máa bọ́ sí lára aṣọ?" Wọ́n ní, "A máa ń mọ̀ ọ́n ni." "Ta ló kọ́ yín?" "Ìyá mi ni." "Kí ni wọ́n sọ fún yín?" "Wọn ò sọ nǹkan kan. Mò ń wò wọ́n ni." Nígbà tí mo délé tí mo tẹ́tí sí ohun tí mo gbà sílẹ̀, igbe àkùkọ àti jẹnẹrétọ̀ ará ilé kejì ló pọ̀ jù níbẹ̀.

Ní Sátidé keje, mo pa fóònù, mo gbé aṣọ kan tí èmi fúnra mi hun lọ. Kò tóbi ju ìrọ̀rí ọmọ ọwọ́ lọ. Ó fún ní ìbàdí bíi gángan, ṣàkì orí rẹ̀ sì rí bí irun ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Ìyá Àgbà gbà á, wọ́n yí i síwájú, wọ́n yí i sẹ́yìn. "Ta ló fi ìyà jẹ òwú báyìí?" Kí n tó dáhùn, wọ́n ti ń tú u. Odidi wákàtí kan ààbọ̀ ni wọ́n fi sọ̀rọ̀, mi ò sì bi wọ́n ní ẹyọ ìbéèrè kan.

Ọ̀nà tí mo fẹ́ júwe fún yín nìyẹn. Tí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tó wà lọ́wọ́ àgbà oníṣẹ́ ọwọ́, ẹ lọ ṣe irú rẹ̀, ẹ jẹ́ kó burú, kí ẹ wá gbé e lọ bá wọn. Ẹni tí kò rí ọ̀rọ̀ fi ṣàlàyé iṣẹ́ rẹ̀ kì í lè dákẹ́ tó bá rí ibi tí wọ́n ti bà á jẹ́.

Kí n sọ ẹni tí mo jẹ́ díẹ̀. Olùkọ́ iṣẹ́ ọnà ni mí ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni Ìyá Àgbà. Àwọn àti ìyá wọn jọ hun ìtàgbé àti aṣọ ọlọ́nà, aṣọ tí àwọn Òṣùgbó (Ògbóni ilẹ̀ Ìjẹ̀bú) àti olóyè Ìjẹ̀bú ń gbé lé èjìká. Ẹni tó bá ti rí i lẹ́ẹ̀kan kò ní gbàgbé: òwú tó yọ sókè lójú aṣọ bíi ṣàkì inú màlúù, tí wọ́n ṣe sọ ọ́ ní ṣàkì, àti ọ̀nì, ejò, ọ̀pọ̀lọ́ tí wọ́n hun mọ́ ara aṣọ fúnra rẹ̀. Àwọn obìnrin ló ń hun ún, lórí òfì tó dúró ti ògiri nínú ilé. Ó yàtọ̀ sí òfì ọkùnrin tó máa ń na òwú lọ jìnnà sójúde, tó ń mú aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ jáde. Aṣọ Ìjẹ̀bú yìí rìn nígbà ayé rẹ̀; àwọn Ijaw ìsàlẹ̀ odò rà á wọ́n sì sọ ọ́ di aṣọ ńlá tiwọn.

Nígbà tí mo padà lọ kàwé sí i, mo kọ ọ̀rọ̀ òfì yìí sínú iṣẹ́ ìwádìí mi. Ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò fi bírò pupa kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ pé iṣẹ́ ọwọ́ nìyí, kì í ṣe ìwádìí. Ó ní kí n lọ pín fọ́ọ̀mù ìbéèrè fún ọgọ́rùn-ún ènìyàn. Mo pín in. Ọgọ́rùn-ún ènìyàn ló sọ fún mi pé àṣà wa dára.

Inú ń bí mi lọ bẹ́ẹ̀ títí àbúrò mi ọkùnrin tó ń gbé ní Finland fi wálé. Ó mú ife onígi kan bọ̀ tí wọ́n ń pè ní kuksa. Àwọn Sámi, tí ilẹ̀ wọn wà ní òkè àríwá Norway, Sweden, Finland àti apá kan Rọ́ṣíà, ń pè é ní guksi. Ó gbé e lé Ìyá Àgbà lọ́wọ́. Wọn ò tilẹ̀ wò ó. Àtàǹpàkò ni wọ́n fi rìn ín yí ká, lẹ́yìn náà wọ́n ní, "Kókó igi ni. Èyí ò ní là." Ẹnu ya àbúrò mi. Lóòótọ́, ara kókó igi kan tó ń jẹ́ birch ni wọ́n ti ń gbẹ́ ife yẹn, torí pé níbi tí igi bá ti ní kókó, iṣan rẹ̀ kì í lọ tààrà, ó máa ń lọ́ mọ́ra ni, ìyẹn ni kì í jẹ́ kó là bó bá gbẹ. Ìyá Àgbà kò rí birch rí láyé wọn. Bàbá wọn ló ń gbẹ́ odó.

Àbúrò mi ló sọ fún mi pé lọ́hùn-ún, ìwádìí gidi ni wọ́n ń ka irú àtàǹpàkò bẹ́ẹ̀ sí. Láti 2011 ni àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga ilẹ̀ òtútù ti ní ẹgbẹ́ kan lórí iṣẹ́ ọnà lábẹ́ University of the Arctic, Yunifásítì Lapland ní Rovaniemi ló sì wà nídìí rẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n kan níbẹ̀, Timo Jokela, máa ń kó ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ àti ará abúlé jọ láti fi òjò dídì mọ nǹkan ní ìlú tiwọn. Ní Kautokeino ní Norway, ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga tó jẹ́ ti àwọn Sámi fúnra wọn, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1989, ènìyàn lè ka duodji, ìyẹn iṣẹ́ ọwọ́ ìbílẹ̀ wọn, títí dé oyè másítà. Mi ò ní parọ́, mo jowú. Ìyá Àgbà ní tí wọ́n bá ń fi oyè dá ẹni tó gbẹ́ ife lọ́lá, kí wọ́n yára mú tàwọn wá, orúnkún ti ń dun àwọn.

Ẹ mú ìbéèrè kékeré

Ẹ má gbé "àṣà Ìjẹ̀bú" lọ́wọ́ jáde nílé. Kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ kan àṣà Ìjẹ̀bú. Ẹ mú etí aṣọ, ẹ mú ìdí agbọ̀n, ẹ mú ibi tí ọwọ́ abẹ̀bẹ̀ ti pàdé ara rẹ̀. Tèmi ni pé ìtàgbé mẹ́rin wà nínú àpótí Ìyá Àgbà. Mo ka ṣàkì orí wọn ní ìlà kọ̀ọ̀kan, orí ọ̀nì ni mo sì fi mọ ibi tó jẹ́ òkè. Lórí mẹ́ta nínú wọn, bí mo bá rí mẹ́sàn-án lápá ọ̀tún, mẹ́fà ni màá rí lápá òsì. Ìkẹrin rí ní òdì kejì. Kí ló fà á?

Ohun tó kọ́kọ́ bà mí jẹ́ ni pé mo ti ní ìdáhùn. Ọwọ́ òsì làwọn Òṣùgbó fi ń kí ara wọn, ta ni kò mọ̀? Mo ti kọ ojú ewé mẹ́ta pé ọ̀wọ̀ ni àwọn ahunṣọ fi bọ̀ fún apá òsì tí wọ́n fi dín ṣàkì ibẹ̀ kù. Ìkẹrin tó rí ní òdì, mo kọ "àṣìṣe" sí i. Ẹ fi èyí sọ́kàn, mò ń padà bọ̀ wá bá a.

Ọjọ́ àkọ́kọ́, iṣẹ́ lẹ bá lọ

Ẹ má mú fóònù jáde. Ẹ mú nǹkan dání fún wọn. Èmi máa ń mú ewùrà lọ, torí Ìyá Àgbà fẹ́ràn ìkọ́kọrẹ́ ju ìrẹsì lọ. Ẹ kúnlẹ̀ kí wọn dáadáa, ẹ bi wọ́n iṣẹ́ tó wà nílẹ̀, ẹ sì ṣe é. Òwú kíká ni wọ́n fún mi. Ó súni, àmọ́ ẹni tó bá ń ká òwú máa ń jókòó síbi tó ti lè rí ọwọ́ ahunṣọ láìjẹ́ pé ó ń wò wọ́n bíi ọlọ́pàá.

Ẹ ya á

Ìwé gíráàfù tí àwọn ọmọ fi ń ṣe ìṣirò ni kẹ́ ẹ lò, pẹ̀lú pẹ́ńsùlù. Ẹ má lo bírò. Àpótí kan lórí ìwé dúró fún ibi kan tí òwú ti pàdé òwú. Tí òwú ìdábùú bá wà lókè, ẹ kun àpótí yẹn. Tó bá gba abẹ́ lọ, ẹ fi í sílẹ̀. Ibi tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ ti tó, ẹ má wulẹ̀ ya odidi aṣọ.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ya ojú kan náà. Ní àkọ́kọ́, ohun tí mo rò pé ahunṣọ máa ń ṣe ni mo yà: òkè kan, ìsàlẹ̀ kan, òkè kan. Ìkejì dára díẹ̀. Ìgbà tí mo ya ìkẹta, tí mo ń fi abẹ́rẹ́ gbé òwú sókè lọ́kọ̀ọ̀kan kí n tó kun àpótí, ni mo rí i pé òwú ṣàkì kì í gba abẹ́ òwú kan. Méjì-méjì ló ń gbà. Ogójì ọdún ni mo ti ń rí aṣọ yìí lójúde lọ́jọ́ ọdún, mi ò sì mọ̀.

Ẹ hun ún

Ibí yìí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ ti fara balẹ̀. Ẹ ní kí kàfíńtà àdúgbò kan igi mẹ́rin pọ̀ fún yín bíi férémù fọ́tò, 25 sẹ̀ntímítà ní ìbú, 40 ní gíga. Ẹ to ìṣó wẹ́wẹ́ sórí igi òkè àti ti ìsàlẹ̀, kí ìdajì sẹ̀ntímítà wà láàárín ìṣó kan sí èkejì. Ẹ so òwú mọ́ ìṣó àkọ́kọ́ lókè, ẹ fà á wálẹ̀, ẹ fi kọ́ ìṣó ìsàlẹ̀, ẹ tún gòkè, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí férémù fi kún. Tí ẹ bá fi ìka ta òwú yìí, kó dún. Tó bá ń mì jọ̀lọ̀jọ̀lọ̀, ẹ tú u kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ sí i.

Ẹ wá rúlà onígi oní-30 sẹ̀ntímítà. Ẹ tì í gba abẹ́ òwú kan, orí ọ̀kan, abẹ́ ọ̀kan, dé òpin. Tí ẹ bá gbé rúlà náà dúró lórí etí rẹ̀, ẹnu òwú á là. Ibẹ̀ ni òwú ìdábùú á gbà kọjá. Lẹ́yìn náà, ẹ fi rúlà gbá a mọ́lẹ̀. Bí ẹ bá ń padà bọ̀, abẹ́rẹ́ gígùn lẹ máa lò, orí èyí tí ẹ gba abẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lẹ máa gbà báyìí. Nílé Ìyá Àgbà, apáṣà ló ń ṣe iṣẹ́ rúlà yìí, igi pẹlẹbẹ kan tó ti dán débi pé ẹ lè rí ojú iná nínú rẹ̀. Ti ìyá wọn ni. Ibi tí ọwọ́ ti máa ń dì í mú ti jẹ díẹ̀, ìka mẹ́rin ló sì bọ́ sínú kòtò yẹn. Tèmi ò bọ́ síbẹ̀ dáadáa, ọwọ́ mi tóbi.

Tí ẹ bá ti hun ìlà mẹ́rin, ẹ fi ṣàkì sí i. Ẹ mú òwú tó nípọn, ẹ gba abẹ́ òwú ìdúró méjì, ẹ yọ ọ́ sójú, ẹ wé e mọ́ pẹ́ńsùlù lẹ́ẹ̀kan kí ojú rẹ̀ lè yọ sókè, ẹ tún gba abẹ́ méjì mìíràn. Ẹ hun ìlà méjì lásán tẹ̀ lé e kẹ́ ẹ tó fa pẹ́ńsùlù yọ, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ gbogbo rẹ̀ á tú lójú yín. Mo sọ èyí torí ó tú lójú mi.

Ẹ máa fà á jù. Gbogbo wa la máa ń fà á jù níbẹ̀rẹ̀, òun ló ń jẹ́ kí aṣọ fún ní ìbàdí. Ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ má sì lọ wo YouTube kẹ́ ẹ tó hun èyí àkọ́kọ́. Àṣìṣe tó ti ọwọ́ yín jáde la fẹ́ gbé lọ. Òwú olówó pọ́ọ́kú láti ọjà Òkè-Ajé tó fún un.

Ẹ gbé e lọ, ẹ pa ẹnu mọ́

Ẹ má sọ pé "mo mọ̀ pé kò dára." Ẹ kàn gbé e fún wọn. Ohun tí ọwọ́ wọn bá kọ́kọ́ ṣe ni ẹ máa wò, kì í ṣe ohun tí wọ́n bá kọ́kọ́ sọ. Ìyá Àgbà fi èékánná fa etí aṣọ mi sọ́tùn-ún sósì kó tó di pé wọ́n la ẹnu, mo sì mọ̀ pé etí ni wọ́n fi ń dá aṣọ lẹ́jọ́. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Wọ́n ní òwú mi ń bínú. Wọ́n ní ahunṣọ gbọ́dọ̀ jẹ́ kí òwú ìdábùú tẹ̀ bí ọrun kó tó gbá a, kó lè ní ohun tó máa fi san ìyà apáṣà. Nínú gbogbo Sátidé mẹ́fà yẹn, wọn ò dárúkọ ọrun rí.

Lẹ́yìn wákàtí kan ààbọ̀ yẹn, wọ́n ní kí n bọ́ sídìí òfì tiwọn. Mo jókòó, mo gbìyànjú láti fi ṣàkì sí apá òsì, kí n lè fi hàn wọ́n pé mo ti mọ̀ ọ́n. Mi ò rí òwú. Mo tẹ orí síwájú, òjìji orí mi ló tún bò ó. Apá ọ̀tún mọ́lẹ̀ kedere, torí pé ẹnu ọ̀nà wà lọ́tùn-ún, kò sì sí fèrèsé kankan lósì nínú ọ̀ọ̀dẹ̀ yẹn. Mo dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Mo wá bi wọ́n bóyá nítorí Òṣùgbó ni wọ́n ṣe ń dín ṣàkì apá òsì kù. Ìyá Àgbà rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di ọwọ́ mú ìhà. "Kí ni Òṣùgbó fẹ́ fi òsì ṣe níbẹ̀? Ibẹ̀ ṣókùnkùn ni!"

Ìkẹrin tí mo kọ "àṣìṣe" sí ńkọ́? Ilé ọkọ ni wọ́n ti hun ún, ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Ẹnu ọ̀nà ibẹ̀ wà lápá òsì.

Mo fa ojú ewé mẹ́ta yẹn ya. Àmọ́ ẹ kíyè sí i: kò sẹ́ni tó máa kọ "ibẹ̀ ṣókùnkùn" sínú fọ́ọ̀mù ìbéèrè, Ìyá Àgbà gan-an kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ gidi ni títí mo fi tẹ orí mi síbẹ̀. Aṣọ mẹ́rin ti sọ ibi tí ilẹ̀kùn ilé méjì wà, ọ̀kan nínú ilé náà sì ti wó.

Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn

Ẹ fa ìlà méjì sójú ìwé kó di ẹsẹ̀ mẹ́ta. Nínú àkọ́kọ́, ẹ kọ ohun tí ọwọ́ wọn ṣe. Nínú ìkejì, ohun tí ẹnu wọn sọ, bí wọ́n ṣe sọ ọ́ gan-an, kódà tó bá jẹ́ ẹ̀ka èdè Ìjẹ̀bú pọ́ńbélé tí ẹ kò mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́. Nínú ìkẹta, ibi tí ọwọ́ tiyín ti kùnà. Ẹ má tún un ṣe di Yorùbá ìwé. Ìgbà tí àkọ́kọ́ àti ìkejì bá ta kora wọn, ọwọ́ ni kẹ́ ẹ gbà gbọ́.

Tí kò bá sí ahunṣọ ládùúgbò yín, amọ̀ ò wọ́n. Ní 1885, ní Ammassalik ní ìlà oòrùn Greenland, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Kunit ta igi gbígbẹ́ fún Gustav Holm ará Denmark. Máàpù ni igi náà: etí òkun, pẹ̀lú gbogbo kọ̀rọ̀ rẹ̀, gòkè lọ ní ẹ̀gbẹ́ igi kan, ó sì sọ̀ kalẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kejì, igi mìíràn sì dúró fún àwọn erékùṣù. Mo sọ ìtàn yìí fún àwọn ọmọ kíláàsì mi, mo ní kí wọ́n ṣe Erédò Sùngbọ́ fún mi, odi àti kòtò tó yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká, tó lé ní 160 kìlómítà. Lórí ìwé, gbogbo wọn fa òbìrìkìtì kan. Nígbà tí mo gbé amọ̀ fún wọn, ọmọ kan láti Òkè-Èrì bi mí pé apá wo ni kóun kó yẹ̀pẹ̀ tóun wà jáde sí, inú àbí ìta. Òun nìkan ló béèrè. Odi ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ohun tí ẹ ò ní fi sójú ayé

Ẹ gba àṣẹ kẹ́ ẹ tó ya àwòrán tàbí fọ́tò, ẹ sì tún gbà á kẹ́ ẹ tó fi hàn níta. Ọ̀tọ̀ ni méjèèjì. Àwọn àmì kan wà lórí aṣọ Òṣùgbó tí Ìyá Àgbà fi ọwọ́ bò nígbà tí mo gbé pẹ́ńsùlù. "Fi ìyẹn sílẹ̀." Mo fi í sílẹ̀, òfìfo ló wà ní àyè rẹ̀ nínú ìwé gíráàfù mi. Àwọn Sámi ń ké nípa irú ọ̀rọ̀ yìí: gákti, aṣọ wọn tó ń sọ ìlú àti ẹbí tí ènìyàn ti wá, ni àwọn mìíràn ń rán ayédèrú rẹ̀ wọ̀ nítorí arìnrìn-àjò afẹ́. Ẹ ti rí bí wọ́n ṣe ń fi ẹ̀rọ tẹ ọnà wa sórí ọ̀rá. Ẹ má bá wọn dá kún un.

Ẹ gbé e padà sílé

Gbọ̀ngàn kọ́ o. Mo so aṣọ burúkú mi, ìwé gíráàfù mẹ́ta yẹn àti ìtàgbé mẹ́rin sára okùn aṣọ ní ẹ̀yìnkùlé Ìyá Àgbà, lọ́jọ́ kejì Ojúde Ọba. Ọjọ́ kẹta Iléyá ni Ojúde Ọba, gbogbo ọmọ Ìjẹ̀bú ló máa ń wálé, àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, ìyẹn àwọn ẹgbẹ́ ọlọ́jọ́-orí kan náà, á ti wọ aṣọ wọn tán, ẹsẹ̀ á ti máa dùn wọ́n, wọ́n á sì fẹ́ jókòó. Ìyá mẹ́ta tó jẹ́ ẹgbẹ́ Ìyá Àgbà wá jẹ ìkọ́kọrẹ́. Ọ̀kan ní irọ́ ni ti ìmọ́lẹ̀ yẹn, pé orí àbẹ́là ni ìyá tòun ti ń hun ún lóru, ṣàkì tòun sì dọ́gba. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn. Mo fa ìjókòó sún mọ́ wọn, mo mú ìwé oníẹsẹ̀ mẹ́ta mi jáde. Ìyá náà ní kí n wá sílé òun ní Ìjásí wá wo aṣọ ọ̀hún. Ó ní kí n má gbé ìwé wá, kí n hun nǹkan wá.

Férémù mi ti wà nílẹ̀. Ìyá Àgbà ní òwú pupa tí mo rà fún un kò dáa, àwọ̀ rẹ̀ máa ń ṣí, kí n padà lọ sí ọjà kí n béèrè èyí tó wà nísàlẹ̀ káńtà.